Òrí Lásán

Àwòrán kan wà lára ògiri pálọ̀ ọmọbìnrin mi ní Hayin Dogo ní Zaria, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà gan-an. Ọmọ oṣù mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, ó wọ bàbáńrìgá Iléyá kékeré, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì kún tó bẹ́ẹ̀ tí ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ padé. Kò sí àlejò tó wọlé tí kì í sọ pé ọmọ yìí mà sanra o. Nígbà kan, ọmọbìnrin mi á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á ní, "Ó yó kó tó lọ." Èmi ti yan àga kan nínú pálọ̀ náà, àga ògbólógbòó tó kọ ẹ̀yìn sí àwòrán yẹn. Kò sí ẹni tó bi mí rí pé kí ló dé tí mo fẹ́ràn rẹ̀.

Zaria ni wọ́n bí mi sí. Iṣẹ́ rélùwéè ló gbé bàbá mi wá láti Ọ̀fà, kò sì padà mọ́. Hausa ni mo kọ́kọ́ fi ṣeré, Hausa náà ni mo sì fi ń bú èèyàn títí dòní bí inú bá bí mi. Inú a sì máa tètè bí mi, n kò ní purọ́. Tukur-Tukur ni mò ń gbé. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lọ́jà Sabon Gari, níbi tí mo ti ń ta ọṣẹ àti ìpara láti ohun tó lé ní ogún ọdún.

Ohun tó ń tà jù nínú ṣọ́ọ̀bù náà nígbà yẹn kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Ìpara funfun inú túùbù ni, èyí tí wọ́n ṣe fún ara tó ń yún tàbí tó ń bó, tó sì yẹ kí dókítà kọ fún èèyàn kó tó lò ó. Ta ló ń dúró de dókítà? Àwọn obìnrin ń rà á mẹ́ta mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ń pò ó mọ́ ìpara wọn kí ara wọn lè pupa. Ẹni tí ẹ̀fọn jẹ ń rà á, ẹni tí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ha lára ń rà á. Ohunkóhun tó bá sú sára, ọjọ́ méjì ni túùbù máa fi pa á rẹ́. Mo gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé mo mọ túùbù ju ẹni tó ṣe é lọ, a ó sì jọ rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ọmọbìnrin mi bí àkọ́bí rẹ̀, ọkùnrin, mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo kó aṣọ mi sínú báàgì, mo lọ wẹ ọmọ. Ní tiwa, ìyá ọlọ́mọ ní í wẹ ọmọ. Èmi ni mo ń jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, tí mo na ẹsẹ̀ méjèèjì, tí mo tẹ́ ọmọ sórí ojúgun mi, tí mò ń fi kànìnkànìn àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ ẹ́, tí mò ń na apá, tí mò ń na ẹsẹ̀, tí mò ń tún orí ṣe. Bí mo bá ṣe tán, màá fi òrí pa á láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ọmọ náà á sùn fọnfọn. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí ju gbogbo iṣẹ́ ayé mi lọ.

Ẹlẹ́gẹ́ ni ọmọbìnrin mi, kò lára. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ìyá ọkọ rẹ̀ wo àyà rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, ó ní, "Ṣé omi máa jáde nínú èyí báyìí?" Mo fún un lésì tó bá a délé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wọ ọmọ mi lára. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ń fún ọmú sínú ṣíbí kó lè rí i pé nǹkan wà níbẹ̀.

Nígbà tí ọmọ náà pé ọ̀sẹ̀ méje, ìdí rẹ̀ sú. Ooru ni, àti ìlédìí tó máa ń tutù. Ọmọbìnrin mi ní ká gbé e lọ sí ọsibítù.

"Torí ìdí tó sú?" ni mo wí.

"Ẹ má ṣáà fi túùbù pa á o, Màmá. Nọ́ọ̀sì tó gún un lábẹ́rẹ́ àjẹsára kìlọ̀ fún gbogbo wa. Ó ní kì í ṣe fún ọmọ ìkókó."

"Haba! Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ta ló tọ́ ẹ dàgbà, èmi àbí nọ́ọ̀sì?"

Ọmọ tí mo kọ́ ni, kì í bá mi jiyàn. Bí ó bá jẹ́ pé mo ti tọ́ ọ kó lè jiyàn ni, bóyá n kò ní máa kọ ohun tí mò ń kọ yìí.

Nígbà tí mo wẹ ọmọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo fa túùbù kan yọ nínú pọ́ọ̀sì tí mò ń so mọ́ ìdí. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ìdí ọmọ ti dán. Mo dáwọ́ dúró, ó sì padà, ó tún pupa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo bá tún bẹ̀rẹ̀. Ó ti ìdí dé itan, ó ti itan dé ikùn, ó dé abẹ́ ọrùn tí òógùn máa ń dúró sí. Bí mo ṣe ń ṣe é ni pé màá kọ́kọ́ tẹ túùbù sí àtẹ́lẹwọ́, kí n tó bu òrí lé e. Ẹni tó bá ń wò mí, òrí nìkan ló máa rí. N kò ka èyí sí irọ́ nígbà náà. Mo kà á sí ọgbọ́n àgbà, inú mi a sì máa dùn sí ara mi.

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sanra. Sísanra náà kì í ṣe kékeré. Ojú rẹ̀ rí róbótó, ọrùn rẹ̀ wọnú àyà, ikùn rẹ̀ yọ síwájú. Irun wínníwínní hù sí iwájú orí rẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, a sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé Alhaji ti fẹ́ máa dá irùngbọ̀n sí. Ìyàwó onílé wọn, obìnrin Hausa kan tí kò gbọ́ Yorùbá, á gbà á lọ́wọ́ mi ní gbogbo àárọ̀.

"Masha Allah, Hajiya! Ɗan sarki!"

Ọmọ ọba ló pè é. Mo ń dáhùn bí ìyá ọba. Ìyá ọkọ ọmọ mi náà padà wá, ó fọwọ́ mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ, ó sì sọ ohun tí n kò rò pé ó lè ti ẹnu rẹ̀ jáde láé: "Ìyàwó mi, foríjì mí o. Ọmú ẹ dáa." Mo rí ojú ọmọ mi lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà náà ló ti ń fún ọmọ lọ́mú ní gbangba ẹ̀yìnkùlé, tó gbé orí sókè. Ọ̀sẹ̀ Iléyá ni wọ́n ya àwòrán yẹn.

Ohun kan wà tí mo rí tí n kò wò. Aṣọ tí wọ́n rà fún ọmọ náà nígbà tó pé oṣù méjì ti fún mọ́ ọn níkùn, ṣùgbọ́n kò kúrú fún un rárá. Ó ń fẹ̀, kò ga. Èmi tí mo ti tọ́ ọmọ mẹ́rin, mo mọ̀ pé aṣọ ọmọ kì í fún kó má kúrú. Mo kàn sọ pé yóò ga bó bá yá, mo bá tú ojú rírán aṣọ náà.

Ó ti pé oṣù márùn-ún nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kú ní Ọ̀fà. Mo ní láti lọ, mo sì ní láti dúró títí di àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Mo kọ́ ọmọbìnrin mi bí yóò ṣe máa wẹ ọmọ, mo fi igbá òrí lé e lọ́wọ́, mo wọ mọ́tò. Túùbù wà nínú pọ́ọ̀sì nídìí mi. Mo rántí rẹ̀ nígbà tí a dé Kaduna, mo ní kò sí nǹkan kan, ọjọ́ mẹ́jọ kì í ṣe ọdún.

Lọ́jọ́ kejì, ó pè mí pé ìdí ọmọ tún ti pupa. Mo ní màá dé láìpẹ́. Lọ́jọ́ karùn-ún, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, fóònù mi tún dún. Etí mi kò gbọ́ dáadáa mọ́, nítorí náà mo máa ń jẹ́ kí fóònù pariwo síta. Àwọn ẹbí jókòó yí mi ká lórí ẹní: ìyàwó bàbá, àwọn ọmọ olóògbé, àna lọ́tùn-ún lósì. Ohùn ọmọbìnrin mi ń gbọ̀n. Ó ní láti òru àná ni ara ọmọ ti gbóná, ó ń bì, kò mu ọmú, ó rọ jọwọlọ, àwọn sì ti wà ní ọsibítù.

"Màmá, dókítà ní kí n bi yín. Kí lẹ máa ń fi pa ọmọ lára?"

"Òrí ni."

Mo gbọ́ tó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀. Ó padà sórí fóònù.

"Ó ní kí n tún bi yín dáadáa. Ó ní ojú ọmọ náà ń kọ òun lóminú. Ṣé kò sí nǹkan mìíràn rárá? Ṣé ẹ ò fi túùbù pa á?"

Gbogbo ẹni tó wà lórí ẹní ń wò mí. Pọ́ọ̀sì ń gún mi nínú. Ìtìjú bò mí, mo mọ̀ pé ìtìjú ni. Ọmọ mi ti kọ̀ fún mi, mo sì ti fi òwe pa á lẹ́nu mọ́. Ṣé níwájú àna ni màá ti wá sọ pé mo ṣe é lẹ́yìn rẹ̀? Lọ́kàn mi, n kò sì rí bí ìpara ìdí ṣe lè fa èébì.

"Wallahi, òrí lásán ni," ni mo wí. "Ṣé ó tún yẹ kí n búra ni?"

"Ẹ má bínú, Màmá." Mo sì gbọ́ tó yíjú sí dókítà, tó ń fi ìdánilójú sọ̀rọ̀: "Màmá mi ní òrí lásán ni." Ó gbà mí gbọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́.

N kò sùn. Ní òwúrọ̀ kùtù, mo fi àdúrà ọjọ́ kẹjọ sílẹ̀, mo wọ mọ́tò. Ìlọrin, Jẹ́bà. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń tún ọ̀rọ̀ tí màá sọ tò lẹ́nu. Nígbà tí a dé Mókwá tí awakọ̀ dúró kí àwọn èèyàn jẹun, mo pe fóònù ọmọbìnrin mi, mo ti pinnu pé màá sọ ọ́, ohun tó bá fẹ́ dà kó dà. Ọkọ rẹ̀ ló gbé e.

"Màmá," ló wí, "ẹ ṣáà máa bọ̀."

Kò sí àgbàlagbà tí kò mọ ohun tí gbólóhùn yẹn túmọ̀ sí. Mo ní, "Mo gbọ́." Mo padà sínú mọ́tò.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí mo dé Hayin Dogo. Wọ́n ti sin ọmọ náà lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, bí ẹ̀sìn wa ṣe wí. Ọmọbìnrin mi jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn obìnrin. Ọmú ti ya, ó ti rin bùláòsì rẹ̀ níwájú, kò sì mọ̀. Ó dì mọ́ mi.

"Màmá, wọ́n ti gbé e lọ. Ṣùgbọ́n ó yó o. Ebi ò pa á rí lọ́wọ́ mi."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo ju túùbù yẹn sínú ṣáláńgá. Nígbà tí mo padà sí ọjà, n kò tà á mọ́. Àwọn oníbàárà bínú, wọ́n lọ rà á ní ṣọ́ọ̀bù kejì, nítorí náà n kò gba ayé là pẹ̀lú èyí. Nígbà tó pé ogójì ọjọ́, mo dá lọ wá dókítà náà. Ọmọ Yorùbá ni, obìnrin, ó kéré sí ọmọbìnrin mi lọ́jọ́ orí. Ó kúnlẹ̀ kí mi kó tó mọ ohun tí mo bá wá. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Kò pariwo mọ́ mi. Ó ṣàlàyé fún mi pé oògùn inú túùbù jọ ohun kan tí ara èèyàn ń ṣe fúnra rẹ̀, tó ń gbé èèyàn ró bí àìsàn bá dé. Awọ ọmọ ìkókó fẹ́lẹ́, oògùn náà ń gba ibẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀, ìlédìí tí a dì lé e tún ń tì í wọlé sí i. Bó bá ti ń wọlé lójoojúmọ́, ara ọmọ á fọwọ́ lérán, kò ní ṣe tirẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá wá dá a dúró lójijì, tí ibà sì dé, ara kò ní ohun tí yóò fi jà.

"Sísanra yẹn ńkọ́?" ni mo béèrè.

"Oògùn náà ni, Màmá. Kì í ṣe ti oúnjẹ."

"Tí mo bá ti sọ ọ́ lórí fóònù ńkọ́?"

Ó wo ilẹ̀. "Abẹ́rẹ́ kan wà tí à bá ti fún un. Bóyá ì bá ṣiṣẹ́, bóyá kò ní ṣiṣẹ́, mi ò lè parọ́ fún yín." Ó wá ní òun kò ní sọ fún ọmọbìnrin mi, pé èmi ni kí n lọ sọ.

N kò sọ. Mo fi ọdún méjì àti ààbọ̀ gbé e kiri. Nígbàkígbà tí mo bá fẹ́ la ẹnu, àlejò kan á wọlé, á wo àwòrán, ọmọ mi á sì ní, "Ó yó kó tó lọ." Ohun kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ọkọ rẹ̀ kò lè tù ú nínú, àlùfáà kò lè tù ú nínú, ọmú rẹ̀ ló ń tù ú nínú. Bí mo bá sọ òtítọ́, mo tún gba ìyẹn náà. Mo ń sọ fún ara mi pé nítorí rẹ̀ ni mo ṣe dákẹ́. Apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ òótọ́, ìyókù jẹ́ ìbẹ̀rù.

Ó wá tún lóyún. Nígbà tí oyún náà pé oṣù méje, ó ránṣẹ́ sí mi, ó ní kí n wá bá òun yẹ àwọn aṣọ ọmọ wò. Ó kó báàgì sílẹ̀ lórí ẹní ní ọ̀sán, a ń tú u. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin náà lẹ máa wẹ èyí o. Mi ò fẹ́ ẹlòmíràn." Ó fa bùbá kékeré kan yọ, èyí tí mo tú ojú rírán rẹ̀. Ó nà án sókè, ó wò ó pẹ́.

"Ẹ wò ó. Ó fún mọ́ ọn níkùn, ṣùgbọ́n kò kúrú fún un. Kí ló fà á ná?"

Mo sọ fún un. N kò fi òwe kankan sí i. Mo sọ ti pọ́ọ̀sì, mo sọ ti àtẹ́lẹwọ́, mo sọ ti Ọ̀fà, mo sọ pé mo fi Ọlọ́run búra. Mo sọ ohun tí dókítà sọ nípa abẹ́rẹ́. Mo rò pé yóò pariwo. Mo rò pé yóò lé mi jáde, mo sì ti ń wá bàtà mi lójú. Ó ká bùbá náà sí méjì, ó tún ká a sí mẹ́rin. Ohun tó bi mí kọ́ ni mo ti múra sílẹ̀ fún.

"Ṣé kì í ṣe ọmú mi ni nígbà náà?"

Irọ́ tún wà lẹ́nu mi, ó ti ṣe tán. Ó rọrùn bíi ti àkọ́kọ́.

"Kì í ṣe ọmú rẹ nìkan," ni mo fẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n mo ní, "Rárá, ọmọ mi. Túùbù ni."

Ó ní kí n máa lọ sílé. Mo lọ. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, kò pè mí, èmi náà kò sì ní ojú tí màá fi pè é. Ọkọ rẹ̀ ló pè mí pé ó ti bí obìnrin. Ó ní, "Ó ní kí n sọ fún yín pé omi ti wà lórí iná."

Nígbà tí mo dé ibẹ̀, àpótí ti wà lẹ́yìnkùlé. Àwòrán ṣì wà lára ògiri. Ọmọbìnrin mi kí mi lórí ìkúnlẹ̀, kò wò mí lójú. Ó ní, "Ẹ ó máa wẹ̀ ẹ́. Èmi ni màá máa fi òrí pa á." Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe é láti ọjọ́ náà. Bí mo bá wẹ ọmọ tán, mo nù ún, màá gbé e fún un, màá sì fa ọwọ́ mi méjèèjì sẹ́yìn kó lè rí i pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Kò sọ pé kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sì sọ pé kí n má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọmọ náà tẹ́ẹ́rẹ́. Ó ń ga, aṣọ ń kúrú fún un lóṣooṣù, ṣùgbọ́n kò sanra. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó onílé bá wa lẹ́yìnkùlé, ó dúró, ó mi orí.

"Hajiya, wannan siririya ce. Ba kamar yayanta ba."

Ó ní èyí tínínrín, kò dà bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ara mi gbóná, Hausa tí màá fi dá a lóhùn ti dé ẹnu mi, mo sì gbé e mì. Ọmọbìnrin mi ń fi òrí pa ẹsẹ̀ ọmọ, kò gbé orí sókè. Ìgbà tó máa sọ̀rọ̀, Yorùbá ló fi sọ ọ́, èyí tí obìnrin yẹn kò gbọ́.

"Ọmú mi nìyí, Màmá."

Mo gbé abọ́ omi tí mo fi wẹ ọmọ, mo lọ dà á nù.